Bí Ìtàn Zeus Bá Jẹ́ Ìmọ̀, Ìtàn Ọbà Kì í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀

Èrò kan wà tí ó ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa ní Ìwó, ìlú odídẹrẹ́, Ìwó olódò Ọbà, ọmọ atẹ́ní gbọọrọ gbàlejò, èrò tí a kì í tilẹ̀ yẹ̀ wò mọ́ nítorí pé ó ti di ohun tí àgbà ń sọ tí ọmọdé sì ń gbà: pé ìtàn àwọn òrìṣà ilẹ̀ Gíríìsì ìgbàanì, ti Zeus tí ń sán àrá láti orí òkè Olympus, ti Hera aya rẹ̀ tí owú ń jó lọ́kàn, ti Poseidon ọba inú òkun àti ti Apollo aláfọ̀ṣẹ, ìmọ̀ ni, ọ̀làjú ni, ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kà kí ó tó lè bá àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó ni, ṣùgbọ́n pé ìtàn Ṣàngó, ti Ọya, ti Ọbàtálá, ti Ògún àti ti Ọ̀rúnmìlà, ìbọ̀rìṣà ni, òkùnkùn ni, ohun tí ó yẹ kí òbí rere dí ọmọ rẹ̀ létí sí ni. Mo wí pé èrò yìí kò tọ̀nà. Kò bá ẹ̀kọ́ àwọn onígbàgbọ́ mu, kò bá ti mùsùlùmí mu, kò sì bá làákàyè mu. Bí a bá sì jẹ́ kí ó pẹ́ sí i lọ́wọ́ wa, yóò gba ohun kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tí owó kò lè rà padà fún wọn.

Kì í ṣe òpè ni ó di èrò yìí mú, kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Olùkọ́ tí ó fẹ́ràn ọmọ ni, ìyá tí ń jí lóru gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ ni, ààfáà àti pásítọ̀ tí a ń bọ̀wọ̀ fún ni. Ìlú ẹ̀sìn ni Ìwó. Láti ayé Ọba Muhammad Lámúyè, Olúwòó àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mùsùlùmí, ẹni tí ó wàjà ní ọdún 1906, ni ìpè àdúrà ti di ohùn tí a fi ń jí ìlú. Àwọn Onítẹ̀bọmi náà sì dé, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọ́n kọ́ olùkọ́ láti ìran dé ìran, títí tí Yunifásítì Bowen, tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ ní ọdún 2001, fi wá di ti ìlú wa. N kò dìde láti tako ọ̀kan nínú ẹ̀sìn méjèèjì. Ìwé tiwọn àti ìṣe àwọn aṣíwájú tiwọn gan-an ni n ó fi dá èrò yìí lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa. Bí ẹ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ kan léèrè ẹni tí Hera jẹ́, yóò wí fún yín pé aya Zeus ni, pé ó lé ọmọbìnrin tí ń jẹ́ Io, tí a ti sọ di abo màlúù, kiri gbogbo ayé pẹ̀lú eṣinṣin tí ń ta á láìsinmi, pé ó sì rán ejò méjì lọ sí ibùsùn Herakles nígbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́. Ẹ wá bi akẹ́kọ̀ọ́ kan náà léèrè ẹni tí Ọbà jẹ́, Ọbà tí odò rẹ̀ ń ṣàn ní agbègbè ìlú rẹ̀, tí onílù fi ń ki baba ńlá rẹ̀ ní ọjọ́ ìyàwó àti ní ọjọ́ òkú, yóò kàn máa wò yín lójú ni. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí pé ìyálé Ṣàngó ni Ọbà, obìnrin tí ó rí i pé ojú ọkọ òun ti kúrò lára òun. Pé orogún rẹ̀, tí àwọn kan ní Ọ̀ṣun ni tí àwọn mìíràn sì ní Ọya ni, wé gèlè bo etí rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi ẹ̀tàn sọ fún un pé etí òun ni òun gé sínú ọbẹ̀ tí ọkọ àwọn jẹ tí inú rẹ̀ fi dùn tó bẹ́ẹ̀. Pé Ọbà gbà á gbọ́, ó mú ọ̀bẹ, ó gé etí ara rẹ̀, ó sè é, ó gbé e síwájú ọkọ. Pé nígbà tí Ṣàngó ṣí ìkòkò tí ó rí etí tí ó léfòó lójú ọbẹ̀, tí ó gbójú sókè tí ó rí ẹ̀jẹ̀ lára gèlè ìyálé rẹ̀, tí orogún sì tú gèlè tirẹ̀ tí etí méjèèjì pé pérépéré, ilé kò gbà wọ́n mọ́, Ọbà sá jáde, ó sì di omi. Àwọn àgbà a máa wí pé ní ibi tí odò Ọbà ti pàdé odò Ọ̀ṣun, omi kì í balẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ìjà orogún méjì náà kò tíì parí.

Kí ni ó wà nínú ìtàn Hera tí kò sí nínú èyí? Owú wà níbẹ̀, ẹ̀tàn wà níbẹ̀, obìnrin tí ó fi ara rẹ̀ ṣòfò nítorí ìfẹ́ ọkùnrin wà níbẹ̀, ilé olórogún tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti inú rẹ̀ jáde sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú òótọ́ tí ó ń dun ni. Ní ọdún 431 kí a tó bí Jésù, Euripides gbé eré Medea síta ní Áténì, eré nípa obìnrin tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ ẹlòmíràn lé lórí tí ó sì torí rẹ̀ pa ọmọ inú ara rẹ̀, eré náà kò sì tíì kúrò lórí pèpéle ayé títí di òní; àwọn yunifásítì ń kọ́ ọ, àwọn obìnrin ń sunkún bí wọ́n ti ń wò ó. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ Gíríìsì ni Ọbà ti gé etí rẹ̀ ni, ìbá ti wà nínú ìwé tí a ń rà fún àwọn ọmọ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, a kò sì ní gbọ́ pé ẹnikẹ́ni pè é ní ìbọ̀rìṣà.

Nítorí a kò bẹ̀rù àwọn òrìṣà Gíríìkì rárá. A ń bá wọn gbé nínú ilé. Orúkọ tí ó wà lára bàtà Nike tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń bọ́ sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, orúkọ òrìṣà obìnrin tí àwọn Gíríìkì ń bọ fún ìṣẹ́gun ni. Ọ̀pá tí ejò lọ́ mọ́, tí ó wà lára àmì Àjọ Ìlera Àgbáyé tí a ń rí lára ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀pá Asklepios ni, òrìṣà ìwòsàn tí wọ́n máa ń fi àkùkọ rúbọ sí. Àrùn ojú pupa tí ó ń ràn láàárín àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, Àpólò ni a ń pè é, nítorí pé ọdún 1969, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ tí wọ́n sọ ní orúkọ òrìṣà Apollo gúnlẹ̀ sínú òṣùpá, ni àrùn náà jà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ eré Òlíḿpíìkì pàápàá, níwájú àwókù tẹ́ńpìlì Hera ní Olympia ni wọ́n ti ń fi oòrùn tan iná rẹ̀, obìnrin tí ó wọ aṣọ bí aláwòrò ni ó sì ń gbé iná náà léni lọ́wọ́, gbogbo ayé a sì máa wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà gba góòlù ní Atlanta ní ọdún 1996, ìdíje tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ fún ọlá Zeus ni wọ́n ti gbà á, ààfáà àti pásítọ̀ sì jọ yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí arugbá bá ru igbá Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tí ó wà nítòsí wa, ojú kan náà tí ó wo iná Hera yóò yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ wólẹ̀ fún Ọ̀ṣun. Ohun tí mo ń bèèrè ni ìdí tí a fi lè fi ojú ìmọ̀ wo ọ̀kan, tí a kò sì lè fi ojú ìmọ̀ wo èkejì.

Onígbàgbọ́ yóò dá mi lóhùn pé Bíbélì kọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí á ṣí Bíbélì. Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 14, Pọ́ọ̀lù àti Bárnábà wà ní Lístrà, wọ́n wo arọ sàn, ìlú sì hó yè pé àwọn òrìṣà ti sọ̀ kalẹ̀ wá. Wọ́n pe Bárnábà ní Zeus, wọ́n pe Pọ́ọ̀lù ní Hermes, aláwòrò sì fa màlúù àti òdòdó wá láti rúbọ sí wọn. Àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run fa aṣọ wọn ya, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ààlà rèé o: wọn kò gba ìbọ, wọn kò sì bọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí i sí orí 17, kí ẹ wo Pọ́ọ̀lù kan náà ní Áténì. Kò fi ọwọ́ bo ojú. Ó rìn káàkiri ìlú, ó wo àwọn ojúbọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúró ka ohun tí wọ́n kọ sára pẹpẹ kan. Nígbà tí wọ́n sì mú un lọ sí Áréópágù, tí ojú àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú péjọ sí i lára, ọ̀rọ̀ àwọn akéwì Gíríìkì ni ó fi gbe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tirẹ̀ lẹ́sẹ̀. A sì mọ ọ̀kan nínú àwọn akéwì náà: Aratus ni, Zeus sì ni ó fi ewì náà yìn ní ìbẹ̀rẹ̀. Àpọ́sítélì tí a ń fi ìwé rẹ̀ wàásù ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ti ka oríkì Zeus, ó ti há a sórí, ó sì rí ibi tí òtítọ́ gbé wà nínú rẹ̀. Ta ni nínú àwọn oníwàásù wa ní òní tí ó lè dìde nínú ìjọ kí ó fi ẹsẹ Ifá kan ti ìwàásù rẹ̀ lẹ́yìn kí a má pe ìpàdé lé e lórí?

Ó tún kù. Fébè tí Pọ́ọ̀lù kí nínú ìwé tí ó kọ sí àwọn ará Róòmù, orúkọ tí wọ́n ń pe òrìṣà Artemis ni ó ń jẹ́. Hermes kan wà nínú ìkíni kan náà. Epafíródítù tí ó ṣe ìránṣẹ́ fún un nínú ẹ̀wọ̀n, Aphrodite, òrìṣà ìfẹ́, ni ó wà nínú orúkọ rẹ̀. Díónísíù ará Áréópágù tí ó gbàgbọ́ ní Áténì, Dionysus, òrìṣà ọtí, ni a fi sọ ọ́. A kò kà á níbì kan pé Pọ́ọ̀lù ní kí ọ̀kan nínú wọn yí orúkọ padà. Àwa tí a gba ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ wọn ni a ń yọ Ifá kúrò nínú orúkọ baba wa, tí a ń yọ Ògún, tí a ń yọ Ọ̀ṣun, tí a ń fi Jésù tàbí Olú dí àyè rẹ̀. A ó sì tún sọ ọmọ náà ní Dennis ní ọjọ́ ìrìbọmi, a kò sì mọ̀ pé Dionysus kan náà ni a fi sọ ọ́ yẹn. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ohun tí a sì ń ṣe gan-an nìyẹn, tí a tún ń fi ọwọ́ ọ̀tún júwe ilé baba ẹlòmíràn.

Ní ti àwọn mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ yéni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀sìn tí ó kórìíra òrìṣà tó Ìsìláàmù, síbẹ̀ Kùránì fúnra rẹ̀ dárúkọ al-Lāt, al-‘Uzzā àti Manāt nínú Súrátù Nájímù, nínú Súrátù An‘ámù ni ó sì ti kìlọ̀ fún onígbàgbọ́ òdodo pé kí wọ́n má ṣe bú àwọn tí àwọn ẹlòmíràn ń ké pè lẹ́yìn Ọlọ́run. Ó sì lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀fà ọdún sẹ́yìn tí ọ̀mọ̀wé mùsùlùmí kan láti Kúfà, Ibn al-Kalbi, jókòó ti tàdáwà rẹ̀, tí ó kọ odindi ìwé kan nípa àwọn òrìṣà tí àwọn Lárúbáwá ń bọ kí Ànọ́bì tó dé: ibi tí ojúbọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, ìdílé tí ń tọ́jú rẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ àti bí a ti wó o. Kò di abọ̀rìṣà. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan náà ni wọ́n pa ewì Imru’ al-Qays àti ti àwọn akéwì ìgbà Jáhílíyà mọ́, a sì ń fi àwọn ewì wọ̀nyí kọ́ èdè Lárúbáwá ní ilé-kéwú gíga títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọtí, obìnrin àti ẹṣin ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ. Al-Biruni lọ sí Íńdíà ní ọ̀rúndún kọkànlá, ó kọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀, ó sì kọ ohun tí wọ́n gbàgbọ́ láìfi èébú kún un. Ọmọ kéwú Ìwó tí ó lè ka Imru’ al-Qays lórí ṣùgbọ́n tí kò mọ ẹsẹ ìjálá kan, kì í ṣe Ìsìláàmù ni ó gba ìjálá lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ni.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí àwọn tí ó bá mi ṣe àríyànjiyàn ti lágbára jù, n kò sì ní sá fún un. Wọ́n ní òkú ni àwọn òrìṣà Gíríìkì, kò sí ẹni tí ń bọ wọ́n mọ́, nítorí náà kò sí ewu nínú ìtàn wọn. Ṣùgbọ́n pé tiwa ṣì wà láàyè, ojúbọ wọn ń bẹ, olórìṣà ń bẹ, ọmọ tí a bá sọ ìtàn wọn fún lè tẹ̀lé wọn lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ṣé òkú ni Zeus nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń fi ewì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Áréópágù? Ẹran tútù ni wọ́n ń sun fún un ní gbogbo ìlú tí Pọ́ọ̀lù gbà kọjá. Ṣé òkú ni nígbà tí Basil, bíṣọ́ọ̀bù Kesaríà tí ó kú ní ọdún 379, kọ ìwé sí àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ pé kí wọ́n ka ìwé àwọn Gíríìkì, kí wọ́n mú èyí tí ó dára níbẹ̀, kí wọ́n sì fi èyí tí kò dára sílẹ̀? Àwọn tẹ́ńpìlì náà ń bẹ nígbà náà. Ó ku ọdún díẹ̀ kí olú-ọba Theodosius tó fòfin de ìrúbọ. Láàárín ìbọ náà gan-an ni àwọn baba ìjọ ti ka ìtàn rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ onígbàgbọ́ títí tí wọ́n fi kú. Àwọn baba wa pẹ̀lú ń kọ́? Àjàyí Crowther, bíṣọ́ọ̀bù, gbé òwe àti orúkọ òrìṣà sínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀. T. J. Bowen fúnra rẹ̀, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi tí yunifásítì ìlú wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kọ nípa àwọn òrìṣà ilẹ̀ wa nínú ìwé gírámà àti ìtumọ̀ èdè Yorùbá tí a tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1858. E. M. Lijadu, ajíhìnrere, jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn babaláwo, ó kọ ẹsẹ Ifá sílẹ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Ọ̀rúnmìlà jáde ní ọdún 1908. Òtítọ́ ni pé ìwàásù ni ó fẹ́ fi ṣe, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹnìkan kì í dá ohun tí kò mọ̀ lóhùn.

Bí ìtàn wa sì ti wà láàyè yìí, àǹfààní ni, kì í ṣe ewu. Kò sí Gíríìkì ayé àtijọ́ kan tí a lè bi léèrè ohun tí aláwòrò ń kùn lẹ́nu ní Delphi. Tiwa, a lè bi àgbà tí ó mọ̀ ọ́n léèrè lónìí, lọ́la ó lè máà sí mọ́.

Àwọn mìíràn ní ìwà burúkú ni ó kún inú ìtàn òrìṣà wa, pé irú rẹ̀ kò yẹ fún ọmọdé. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tí ó ti ka ìtàn Gíríìkì lè sọ èyí. Kronos gé nǹkan ọmọkùnrin baba rẹ̀, ó sì gbé àwọn ọmọ tirẹ̀ mì ní tútù. Zeus ọmọ rẹ̀ lé e kúrò lórí ìtẹ́, ó sì para dà di akọ màlúù, ó para dà di ẹyẹ, kí ó lè rí ọmọ ọlọ́mọ bá sùn. Ojú ti àwọn Gíríìkì pàápàá. Plato, tí kò sí ẹni tí yóò pè é ní òpè, ní nínú ìlú rere tí òun ń rò, a kò gbọdọ̀ ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sí ọmọdé létí. Ìlú Áténì tí a sì ń fi ṣe àwòkọ́ṣe ìjọba àwa-ara-wa, ọkùnrin ọmọ ìbílẹ̀ nìkan ni ó ń dìbò níbẹ̀. Obìnrin kò ní ohùn, ẹrú sì ń kú sínú kòtò fàdákà Laurion. Ìlú kan náà ni ó fún Socrates ní májèlé mu ní ọdún 399 kí a tó bí Jésù, wọ́n ní kò ka òrìṣà ìlú kún. Àwa náà kó ẹrú, a sì tà á, n kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n a ní Ìyálóde, Áténì kò sì ní irú rẹ̀, ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ Ìwó gan-an sì ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin tí ó jọba ní Ifẹ̀, Lúwo Gbàgìdá, ìyá Adékọ́lá Télù.

Níbo ni a ti kó èrò yìí? Kò ti inú mọ́ṣáláṣí wá, kò sì ti inú ṣọ́ọ̀ṣì wá pátápátá. Ní ọdún 1910, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀, ó rí orí idẹ tí à ń pè ní Orí Olókun, ó rí àwọn ère amọ̀ tí ẹwà wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi gbà pé ọwọ́ dúdú ni ó mọ wọ́n. Ó ní àwọn Gíríìkì ni ó ti wá tẹ̀dó síbẹ̀ láyé àtijọ́, ó ní ilẹ̀ Atlantis tí Plato sọ pé òkun bò mọ́lẹ̀ ni òun rí, ó ní Olókun tí à ń bọ, Poseidon ni. Ní ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, àwọn orí idẹ mìíràn tún jáde, àwọn onímọ̀ sì wá fi hàn pé láàárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìbí Jésù ni àwọn ará Ifẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ wọ̀nyí, nígbà tí ó ti lé ní ẹgbẹ̀je ọdún tí ìgbà ògo Áténì ti kọjá. Ọ̀rọ̀ Frobenius wó lulẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kò tíì kú láàárín wa. Ẹ̀mí yẹn ni ó wà nínú ẹni tí ó fẹ́ yin Ṣàngó tí kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ju pé òun ni Zeus ti Yorùbá, bí ẹni pé bí Zeus kò bá dúró fún un, Ṣàngó kò ní ẹ̀tọ́ láti sán àrá; bẹ́ẹ̀ Ṣàngó jọba ní Ọ̀yọ́, ó ní ọjọ́ tí ayé rẹ̀ dojú rú, Zeus kò sì tọ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí wò. Nígbà tí a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, èdè Látìn àti Gíríìkì wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀; èdè àwọn tí ó ni ilẹ̀ tí a kọ́ ọ lé dúró de ọjọ́ iwájú. N kò bínú sí Gíríìkì tí wọ́n kọ́ níbẹ̀. Wọlé Ṣóyínká kọ́ ọ níbẹ̀, nígbà tí ó sì tún eré Euripides nípa Dionysus kọ ní ọdún 1973, ó lè gbé Ògún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nítorí pé ó mọ Ògún kí ó tó mọ Dionysus.

Èyí ni ó mú mi dé orí eré Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1968, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa sì ti kà fún ìdánwò. Láti inú eré Sophocles nípa Ọba Oedipus ni ó ti mú un. Oedipus pa ọkùnrin kan ní oríta mẹ́ta nítorí ẹni tí yóò kọ́kọ́ kọjá, kò mọ̀ pé baba òun ni. Ẹ wo ibi tí Rótìmí gbé e wá: oko iṣu ní ìtòsí Ẹdẹ, Ẹdẹ tí ó múlé gbe wá yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ra ilẹ̀, ó ti gbin iṣu, ó dé oko ó bá arúgbó kan tí ó kó ènìyàn lẹ́yìn tí wọ́n ń hú iṣu rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ì bá sì mú un mọ́ra, àfi nígbà tí arúgbó bú ẹ̀yà rẹ̀ tí ó fi èdè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ni ọkọ́ bá gòkè, ni ọkọ́ bá sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó ti rí ìjà ààlà oko rí mọ ọkọ́ náà. Wọ́n a máa sọ pé Gíríìkì ni ó sọ eré náà di ńlá. Èmi wí pé oko Ẹdẹ yẹn ni.

Ìbéèrè tí ó sì wúwo jù nínú eré náà, ẹni tí kò mọ Ifá kò lè bi í. Apollo sọ fún Oedipus pé yóò pa baba rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò sí ọ̀nà àbáyọ. Ṣùgbọ́n nínú Ifá, kò sí ibi tí odù ti ń sọ ibi kí ó má sọ ẹbọ. Bí a tilẹ̀ sọ pé àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá, ẹsẹ̀ ènìyàn àti ìwà rẹ̀ ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe lórí ohun tí orí yàn. Kí ni ó ṣe tí babaláwo inú eré Rótìmí, tí ó sọ irú àsọtẹ́lẹ̀ kan náà nípa ọmọ náà, kò fi ẹbọ sílẹ̀ kí ọmọ náà yè? Ṣé Rótìmí gbàgbé ni, àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kí ó lè di ẹ̀bi náà ru ìbínú ènìyàn àti ìkórìíra ẹ̀yà? Ọmọ tí ó mọ Gíríìkì nìkan yóò gba ìdánwò rẹ̀ yege, kò sì ní mọ̀ pé ìbéèrè yìí wà. Ẹni tí a fi ìtàn tirẹ̀ dù, ti ẹlòmíràn pàápàá kò ní yé e tán.

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ Ìwó, ẹ̀yin ààfáà àti pásítọ̀ mi, ẹ̀yin òbí. Ẹ má ṣe jù ìwé Gíríìkì nù. Ẹ kà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ẹ fún ní ìtàn Hera kọ́kọ́ lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé, kí ó bi í léèrè ohun tí ó mọ̀ nípa àwọn odò wa, nípa Lúwo, nípa ìdí tí a fi ń fi odídẹrẹ́ ki wá, nípa oríkì ilé tiwọn. Fóònù tí ń gba ohùn sílẹ̀ wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn. Kí wọ́n gba ohùn ìyá náà sílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé ní èdè Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n fi orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, orúkọ agboolé rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́ sí i, kí olórí ilé-ẹ̀kọ́ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ilé-ìkàwé fún àwọn tí yóò bèèrè rẹ̀.